Àwọn mùsíọ́mù àti ilé àtijọ́ ní Florence: èwo ni ká yàn, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìlú Florence ní Ítálì, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Firenze, kò fẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Santa Maria Novella lè fẹsẹ̀ rìn dé kàtídírà ìlú náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì tún rìn bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i kó tó kan odò Arno. Síbẹ̀, ohun tó wà láàárín ibùdó ọkọ̀ yẹn àti odò náà pọ̀ ju ohun tí ojú ènìyàn lè rí tán ní ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àlejò kì í yàn rárá. Wọ́n kàn máa ń tẹ̀ lé ibi tí èrò pọ̀ sí ni. Wọ́n á tò sórí ìlà ní Uffizi, wọ́n á tún tò sórí ìlà ní Accademia láti wo ère Dáfídì, agara á dá wọn, wọ́n á sì kúrò nílùú láì mọ̀ pé ibi tí ì bá bá ọkàn wọn mu jù wà ní òpópónà kejì, tí kò sì sí ìlà kankan níwájú rẹ̀.

Oríṣi ibi méjì ló wà ní Florence, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ṣe pàtàkì ju orúkọ tàbí òkìkí lọ. Oríṣi kan ni ibi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà jọ sí: wọ́n gbé wọn kúrò lórí pẹpẹ, ní gbàgede tàbí ní yàrá ọlọ́lá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Oríṣi kejì ni ibi tí iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lójú ògiri tí wọ́n yà á sí, tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tí ayàwòrán náà fojú ara rẹ̀ rí ṣì ń tàn sórí rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọnà ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ibi kejì ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà yẹn ń fi iṣẹ́ ọnà ṣe. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo mú ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kó má sì lé e ju méjì lọ.

Uffizi àti Palazzo Pitti

Àwọn méjèèjì yìí ni ilé àwòrán tó tóbi jù nílùú náà, ìdílé Medici tó ṣàkóso Florence fún ọ̀pọ̀ ìran ló sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tó wà nínú wọn jọ. Giorgio Vasari ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Uffizi ní 1560 fún Cosimo Kìíní ti ìdílé Medici, ọlọ́lá tó ń ṣàkóso Florence nígbà náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa jókòó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òkè ilé náà ni àwọn Medici bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìṣúra wọn sí. Palazzo Pitti ní tirẹ̀ wà ní òdìkejì odò. Luca Pitti, oníṣòwò owó kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún 15, kí Eleonora láti Toledo, ìyàwó Cosimo, tó rà á láti fi ṣe ààfin.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó wọ èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tó hàn gbangba pé ìdílé Medici kò ní ní arọ́lé mọ́, tí ìdílé Lorraine sì ń bọ̀ wá gba ìjọba, Anna Maria Luisa, ẹni ìkẹyìn nínú ìdílé náà, bá wọn ṣe àdéhùn ní 1737 pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ohun kan nínú àwọn ìṣúra náà kúrò ní Florence. Ó kú ní 1743. Ní 1769, Pietro Leopoldo ti ìdílé Lorraine ṣí Uffizi fún gbogbo ènìyàn. Láìsí ìwé tí obìnrin yẹn fọwọ́ sí, ọ̀pọ̀ ohun tí ayé ń rọ́ lọ wò lónìí ì bá ti fọ́n ká sí ààfin àwọn ọba Yúróòpù. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti dúró níwájú iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ àti ti Bìní nínú mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ṣàì mọ iye tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó.

Ní ti ohun tó wà níbẹ̀, Uffizi ni kí ẹni tí kò tíì wo àwòrán Ítálì rí yàn. Ìdí ni pé wọ́n tò ó bí ìgbà ṣe tẹ̀ lé ìgbà. Nínú yàrá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán ńlá mẹ́ta tó fi Màríà hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú Ọmọ rẹ̀ wà papọ̀: ti Cimabue, ti Duccio àti ti Giotto. Ẹ má ṣe kánjú kúrò níbẹ̀. Nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, Màríà dà bí ẹni tí kò ní ìwúwo, wúrà ló gbé e dúró. Nínú ti Giotto, eékún rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ, ó jókòó bí ìyá ọmọ ṣe ń jókòó, àga sì gbà á. Ohun tí àwọn ayàwòrán Florence fi igba ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe kò yà kúrò nínú ọ̀nà tí eékún yẹn là sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti lè lọ sọ́dọ̀ Botticelli, ẹni tó ya Ìbí Venus àti àwòrán Ìgbà Ìrúwé, kí a tó kan Leonardo, Michelangelo àti Raphael. Nísàlẹ̀, ẹ wá àwòrán tí Artemisia Gentileschi yà nípa Judith tó ń gé orí Holofernes. Obìnrin ló yà á, ní ìgbà tí obìnrin tó ń fi àwòrán yíyà ṣe iṣẹ́ kò wọ́pọ̀, agbára ọwọ́ Judith àti ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ nínú àwòrán náà sì jẹ́ ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ alágbára rí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì gbójú sókè. Lókè ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn Uffizi, wọ́n to àwòrán ojú àwọn olókìkí ayé kalẹ̀, èyí tí Cosimo Kìíní ní kí Cristofano dell'Altissimo yà. Lára wọn ni Lebna Dengel, olú-ọba Etiópíà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti dé Florence ní ọ̀rúndún 16 gẹ́gẹ́ bí ọba láàárín àwọn ọba.

Palazzo Pitti yàtọ̀ pátápátá. Nínú ilé àwòrán Palatina tó wà níbẹ̀, wọ́n kò to àwòrán bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ọdún. Wọ́n gbé wọn kọ́ ògiri lókè àti nísàlẹ̀, nínú férémù oníwúrà, bí àwọn ọmọ ọba ṣe fẹ́ láti máa rí wọn. Raphael àti Titian pọ̀ níbẹ̀, Màríà Orí Àga tí Raphael yà sì wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lè má gbádùn ètò yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọlá ṣe rí kò ní rí ibi tó dára jù ú lọ. Ìṣúra àwọn ọba náà tún wà nínú ààfin yìí, lára rẹ̀ ni fèrè tí àwọn oníṣọ̀nà Kóńgò fi eyín erin gbẹ́, tó ti dé ọwọ́ àwọn Medici láti ọ̀rúndún 16. Ọgbà Boboli wà lẹ́yìn ààfin náà, ó gun òkè lọ, ẹni tí orí rẹ̀ bá ti kún fún àwòrán sì lè lọ jókòó níbẹ̀.

Bí mo bá ní kí n mú ọ̀kan fún ẹni tó ń wá nígbà àkọ́kọ́, Uffizi ni, láìṣe àníàní. Fún ẹni tó ń padà wá, tàbí ẹni tí kò fẹ́ràn èrò, Pitti ni. Kò sí ìdí kankan láti ṣe méjèèjì ní ọjọ́ kan náà; ojú tó ti wo Uffizi fún wákàtí mẹ́ta kò lè rí nǹkan kan mọ́.

Accademia àti Bargello

Níhìn-ín ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà. Accademia ní ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ láàárín 1501 sí 1504. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5.17, òkúta mábù kan ṣoṣo sì ni, èyí tí àwọn agbẹ́gilére méjì ti dáwọ́ lé tí wọ́n sì ti pa tì kó tó kàn án. Òkè ara kàtídírà ni wọ́n kọ́kọ́ pèsè rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú Palazzo Vecchio, tí í ṣe ilé ìjọba, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1873 tí wọ́n fi gbé e wọlé kí òjò àti oòrùn má baà jẹ ẹ́. Èyí tó wà níta báyìí jẹ́ àdàkọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1910. Kò sí àwòrán fọ́tò tó lè sọ bí ère náà ṣe rí fún ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń lọ rà. Ilé kékeré ni Accademia, ère kan ṣoṣo ló sì mú ọ̀pọ̀ ènìyàn débẹ̀, nítorí náà ìlà ibẹ̀ máa ń gùn, inú rẹ̀ sì máa ń kún. Ohun tí mo rò pé ó níye lórí tó Dáfídì gan-an ni àwọn ère tó wà lọ́nà ibi tó dúró sí, tí àwọn ènìyàn ń yára kọjá: àwọn Ẹrú mẹ́rin tí Michelangelo bẹ̀rẹ̀ fún ibojì Póòpù Julius Kejì tí kò sì parí. Ara wọn ṣì wà nínú òkúta, ojú ohun èlò agbẹ́kùúta ṣì hàn níbẹ̀, a sì rí ọwọ́ iṣẹ́ ọkùnrin náà níbi tó ti dúró.

Bargello wà ní ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìjọba ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1255, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú àgbàlá rẹ̀ kí Tuscany, agbègbè tí Florence wà, tó fòpin sí ìdájọ́ ikú ní 1786. Láti 1865 ló ti di mùsíọ́mù. Bí ènìyàn bá wọ gbọ̀ngàn rẹ̀ lókè, yóò bá Dáfídì tí Donatello fi mábù gbẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àti èyí tó fi idẹ dà nígbà tó dàgbà. Èyí tí Verrocchio, ọ̀gá Leonardo, fi idẹ dà náà wà nínú mùsíọ́mù yìí. Ẹ fi wọ́n wé ti Accademia. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọdékùnrin tó ti ṣẹ́gun, orí Gòláyátì sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ti Michelangelo jẹ́ géńdé tí kò tíì jà, tó ń wo ọ̀tá ní òkèèrè. Ìtàn kan náà ni, ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n èrò nípa ohun tí ìgboyà jẹ́ ti yí padà láàárín wọn. Ẹni tó bá lọ sí Accademia nìkan kò lè mọ ohun tí Michelangelo ń dá lóhùn.

Lójú ògiri gbọ̀ngàn kan náà ni pátákó idẹ méjì wà, tí àwọn méjèèjì fi Ábúráhámù hàn níbi tó ti fẹ́ fi Ísáákì rúbọ. Ọ̀kan jẹ́ ti Lorenzo Ghiberti, èkejì jẹ́ ti Filippo Brunelleschi. Ní 1401, wọ́n fi iṣẹ́ yìí bá ara wọn díje lórí ta ni yóò ṣe ìlẹ̀kùn idẹ fún ilé ìrìbọmi ìlú náà, Ghiberti ló sì gbà á. Idẹ tí Ghiberti lò kò tó ti Brunelleschi, ó sì da èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí Brunelleschi da tirẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ kó tó so wọ́n pọ̀. Ìda ni wọ́n fi ń mọ irú iṣẹ́ báyìí, kí iná tó yọ́ ìda náà kúrò, kí idẹ sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ọmọ wa fi da orí idẹ ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí náà Yorùbá tó bá dúró níwájú pátákó méjèèjì yìí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà. Ó lè wo bí ara idẹ ṣe tẹ́ àti ibi tí wọ́n ti fi irin tọ́ ọ ṣe, kó sì ṣèdájọ́ bóyá àwọn adájọ́ ìgbà yẹn gbọ́n.

Èmi yóò yàn Bargello ṣáájú Accademia fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn ère tọkàntọkàn. Fún ẹni tó kàn fẹ́ rí Dáfídì kó tó kúrò nílùú, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì Accademia sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kó mú wákàtí àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ tàbí èyí tó kẹ́yìn, kó sì fún àwọn Ẹrú mẹ́rin yẹn ní ìdajì àkókò rẹ̀.

Kàtídírà: gígun òkè àbí wíwọ mùsíọ́mù?

Kàtídírà Santa Maria del Fiore, ilé ìrìbọmi, ilé agogo tí Giotto bẹ̀rẹ̀, òrùlé rìbìtì tí Brunelleschi kọ́, àti mùsíọ́mù tí wọ́n ń pè ní Opera del Duomo, ìṣàkóso kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Wíwọ inú kàtídírà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àwọn yòókù ń fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó bá sì fẹ́ gun òrùlé gbọ́dọ̀ mú wákàtí kan pàtó.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé inú kàtídírà náà ṣófo ju bí ìta rẹ̀ ṣe kún fún ọ̀ṣọ́ lọ. Kì í ṣe pé kò sí nǹkan níbẹ̀ rí. Ohun tó lẹ́wà jù ni wọ́n ti gbé lọ sí Opera del Duomo, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá tò sórí ìlà láti wọ kàtídírà, tó jáde, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ ti fi ìlà ra òfo.

Opera del Duomo, tí wọ́n tún ṣí ní 2015 lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, ni mùsíọ́mù tó wù mí jù nínú gbogbo ìlú náà. Nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, wọ́n tún iwájú kàtídírà àkọ́kọ́ kọ́ bó ṣe tóbi tó gan-an, wọ́n sì dá àwọn ère padà sí ipò gíga tí agbẹ́gilére ti rò pé a ó máa wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Nípa báyìí, mùsíọ́mù náà jẹ́ ibi ìkójọ, ó sì tún ń gbìyànjú láti dá iṣẹ́ padà sí àyè rẹ̀, èyí tí n kò rí kí ilé mìíràn ní Florence ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ní òdìkejì gbọ̀ngàn náà ni Ìlẹ̀kùn Párádísè tí Ghiberti ṣe láti 1425 sí 1452 wà, ojúlówó rẹ̀. Àdàkọ ló wà lẹ́nu ilé ìrìbọmi báyìí. Omíyalé 1966 ba ìlẹ̀kùn náà jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì gba ọdún 27 kó tó parí ní 2012.

Ère méjì tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a sáré wò. Ọ̀kan ni Màríà Magdalene tí Donatello fi igi gbẹ́: obìnrin tí ààwẹ̀ ti gbẹ, tí eyín rẹ̀ ti ká, tí irun rẹ̀ ti di aṣọ fún un, tó sì gbé ọwọ́ méjèèjì síra láì jẹ́ kí wọ́n kanra. Èkejì ni Pietà, ère òkú Jésù láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, tí Michelangelo ń gbẹ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ fún ibojì ara rẹ̀. Ó fi òòlù fọ́ ọ nígbà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ẹlòmíràn ló tún àwọn apá rẹ̀ so pọ̀. Ojú àgbàlagbà tó dúró lẹ́yìn òkú Jésù nínú ère náà, ojú Michelangelo fúnra rẹ̀ ni.

Ní ti gígun òkè, àtẹ̀gùn 463 ló wà nínú òrùlé Brunelleschi, 414 ló sì wà nínú ilé agogo Giotto. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè nínú èyíkéyìí nínú wọn. Òrùlé náà ni kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ le, tí àyè híhá kò sì ń dẹ́rù bà yàn, nítorí pé ojú ọ̀nà rẹ̀ gba àárín ògiri méjì tí Brunelleschi fi kọ́ ọ láàárín 1420 sí 1436. Ènìyàn yóò fojú rí bíríkì tó tò ní ìbú àti òró, èyí tó jẹ́ kí òrùlé náà lè máa gbé ara rẹ̀ ró bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ láì fi igi tì í láti ilẹ̀. Ilé agogo ni kí ẹni tó fẹ́ fọ́tò yàn, nítorí orí rẹ̀ ni a ti lè rí òrùlé ńlá náà fúnra rẹ̀. Ó tún ní ibi ìsinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí tó gbé ọmọ ọwọ́ dání kò gbọ́dọ̀ gun èyíkéyìí, Opera del Duomo sì ti tó fún un.

San Marco, Santa Croce, Santa Maria Novella àti Brancacci

Àwọn wọ̀nyí ni ibi tí iṣẹ́ ọnà ṣì wà ní àyè rẹ̀. San Marco ni mo fi ṣáájú. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Dominic ni, Michelozzo ló tún un kọ́ ní nǹkan bí 1437 pẹ̀lú owó Cosimo àgbà ti ìdílé Medici, Fra Angelico tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ló sì ya àwòrán sára ògiri rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gun àtẹ̀gùn tó sì gbójú sókè, ańgẹ́lì Gábúríẹ́lì ni yóò kọ́kọ́ rí, tó ń kí Màríà. Lẹ́yìn náà ni yàrá kéékèèké tó lé ní ogójì, fèrèsé kan àti àwòrán kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí wúrà, kò sí àwọ̀ olówó gọbọi, nítorí pé kì í ṣe fún àlejò ni wọ́n ṣe yà á; ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbàdúrà nínú yàrá yẹn ní òru ni wọ́n yà á fún. Savonarola, oníwàásù tí wọ́n pa ní gbàgede ìlú náà ní 1498, gbé nínú ilé yìí pẹ̀lú, yàrá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Àárọ̀ ló yẹ kí a lọ, torí pé San Marco kì í ṣí pẹ́.

Santa Croce ni ti ẹni tó fẹ́ràn ìtàn àwọn ènìyàn ńlá ju àwòrán lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Michelangelo, Galileo, Machiavelli àti Rossini sí. Ibojì Dante tó wà níbẹ̀ ṣófo, nítorí Ravenna ni òkú rẹ̀ wà. Giotto ya ògiri ilé àdúrà méjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbó púpọ̀. Ohun tó mú mi dúró jù ní Santa Croce ni ohun tí omíyalé ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1966 ṣe: odò Arno kún wọ inú rẹ̀, ó bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dà kúrò lára àgbélébùú ńlá tí Cimabue yà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn máa rí àyè tó ṣófo náà. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Vasari yà, tí omi yẹn kan náà rì, kò padà sí ipò rẹ̀ àfi ní 2016.

Santa Maria Novella wà níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nítorí náà òun ló rọrùn jù fún ẹni tí àkókò ọkọ̀ rẹ̀ ti ń sún mọ́. Mẹ́talọ́kan tí Masaccio yà níbẹ̀ ní nǹkan bí 1427 jẹ́ kí ògiri tó tẹ́jú dà bí ẹni pé yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí Masaccio bá wọ̀ lọ́kàn kó sọdá odò lọ sí ilé àdúrà Brancacci, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria del Carmine, kó lọ wo Ádámù àti Éfà tí wọ́n ń lé kúrò nínú ọgbà. Ẹnu Éfà ṣí sílẹ̀, ó ń ké. Ádámù bo ojú. Masaccio kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kú. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ Brancacci lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti gba àkókò sílẹ̀.

Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí, kí a bo èjìká àti orúnkún, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá.

Ibojì àwọn Medici àti ilé wọn

Nínú ilé ibojì Medici tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo, Michelangelo ló kọ́ yàrá kan, ó sì gbẹ́ Ọ̀sán, Òru, Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti Ìrọ̀lẹ́ sórí ibojì méjì níbẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú wọn, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Lorenzo, ọlọ́lá Urbino, ni egungun Alessandro de' Medici wà pẹ̀lú. Alessandro ló kọ́kọ́ jẹ ọlọ́lá Florence, ìbátan rẹ̀ ló pa á ní 1537, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́bìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ń jáde kúrò nínú yàrá náà láì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Palazzo Medici Riccardi kò jìnnà sí ibẹ̀. Nínú ilé àdúrà kékeré rẹ̀, Benozzo Gozzoli ya ìrìn àjò àwọn Amòye ní 1459 yí ògiri ká, pẹ̀lú ẹṣin, aṣọ oníwúrà, òkè àti igi. Tafàtafà dúdú kan ń fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn ọlọ́lá náà, ọfà rẹ̀ lọ́wọ́. Láàárín àwọn méjèèjì, Gozzoli ni mo máa mú àwọn ọmọ lọ wò. Ibojì yẹn, ó gba ẹni tó lè dákẹ́ pẹ́.

Fún ìdílé tó mú ọmọ dání

Mùsíọ́mù Galileo, tó wà létí odò lẹ́yìn Uffizi, ní awò awọ̀nàjíjìn méjì tí Galileo fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti ìka rẹ̀ kan tí wọ́n tọ́jú sínú gíláàsì. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé ìka yẹn. Òun ni mo máa yàn fún ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n Ospedale degli Innocenti ni mo máa yàn fún ọmọ tó ti lè béèrè ìbéèrè. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò sílíkì ló ní kí Brunelleschi kọ́ ọ ní 1419 fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè tọ́. Oṣù kejì 1445 ni wọ́n gba ọmọ àkọ́kọ́ wọlé. Nínú mùsíọ́mù rẹ̀, àpótí kéékèèké pọ̀ tí a ń fà jáde, inú wọn sì ni àmì tí àwọn ìyá máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ wà: ìdajì owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀, àgbélébùú kékeré tó ti kán sí méjì. Ìyá náà a mú ìdajì kejì lọ, kó lè fi hàn bí ipò rẹ̀ bá padà dára, kó sì gba ọmọ rẹ̀. Ìlà kì í sí níbẹ̀.

Bí a ṣe lè pín ọjọ́

Ẹni tó ní ọjọ́ kan: San Marco ní àárọ̀, Opera del Duomo ní ọ̀sán. Bí kò bá lè fojú fo Uffizi, kó fi rọ́pò Opera del Duomo. Ẹni tó ní ọjọ́ méjì lè fi Bargello àti Santa Croce, tí wọn kò jìnnà síra, kún un. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta lè sọdá odò lọ sí Brancacci ní àárọ̀ àti Pitti ní ọ̀sán, ọ̀nà kan náà ni.

Uffizi, Accademia àti Pitti máa ń tì ní ọjọ́ Ajé. Àwọn mùsíọ́mù kéékèèké ní ọjọ́ tiwọn tí wọ́n fi ń tì, nítorí náà kí a yẹ ojú ìwé ilé kọ̀ọ̀kan wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó ṣètò. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó ìwọlé ní àwọn mùsíọ́mù tó jẹ́ ti ìjọba Ítálì. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀ gan-an ní Uffizi àti Accademia lọ́jọ́ náà. Bargello ni kí ẹni tó fẹ́ lo àǹfààní ọ̀fẹ́ yẹn forí lé.